Másùnmáwo Kì Í Ṣe Àìní Ìgbàgbọ́



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ara, tí ó sì fi ọkàn sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lójú ewé yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa omi mímu, ìmọ́tótó àyíká àti ibà. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ṣeé fi ojú rí bí omi ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ni kì í kùn létí bí ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn ènìyàn wa. Másùnmáwo ni. Àwọn àgbà a máa pè é ní àròkàn, àwọn ọ̀dọ́ ní sìtírẹ́ẹ̀sì. Orúkọ yòówù tí a bá pè é, mo ń rí i lójoojúmọ́ nídìí káńtà mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wá oògùn oorun yẹn." Wọ́n na páálí kékeré kan sí mi. Diazepam ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Valium. Wọ́n ní méjì ni àwọn ń lò lálaalẹ́, ó sì ti lé lọ́dún kan. Kò sí dókítà tí ó kọ ọ́ fún wọn. Ọ̀rẹ́ wọn kan ni ó fún wọn ní ẹyọ mẹ́rin nígbà tí wọn kò rí oorun sùn, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń rà á níbi tí wọ́n bá ti rí i.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn: 186 lórí 110. Mo ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, mo tún un wọ̀n: 182 lórí 108. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń gba oorun lójú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà pọ̀: owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti ń retí láti ọdún pípẹ́, ọmọ tí owó ilé-ìwé rẹ̀ kò tíì pé, gbèsè tí wọ́n jẹ nígbà fídáù ìyàwó wọn. Mo ní, "Bàbá, ta ni ẹ ti sọ èyí fún?"

Wọ́n ní, "Mo sọ ọ́ fún ẹnì kan ní mọ́sálásí. Ó ní kí n lọ tún ìgbàgbọ́ mi ṣe, pé mùmíní kì í ronú. Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi kọ èyí. Kì í ṣe ẹni tí ó dá bàbá lóhùn nìkan ni mo fẹ́ bá wí. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan nínú Àsálátù wa sọ fún mi pé àyà òun ń já lóru, mo ní kí ó máa ka Àlùkùránì kí ó tó sùn, mo sì bá tèmi lọ. N kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. N kò bi í ní ohun kan ṣoṣo nípa ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, apòògùn ni mí o. Ìmọ̀ràn tí mo fún un kò burú, ṣùgbọ́n mo fi í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ nísinsìnyí ni pé bí a ṣe ń fi "ìgbàgbọ́ rẹ kò tó" dá ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lóhùn ń ṣe ìpalára fún ìlera wa, kò sì bá ẹ̀sìn wa mu.

Ohun tí másùnmáwo ń ṣe nínú ara

Bí ènìyàn bá ń lọ sí oko tí ó dédé rí ejò lójú ọ̀nà, kí ó tó ronú rárá ni ara rẹ̀ ti gbéra. Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ohun kékeré méjì kan tí ó wà lórí kíndìnrín. Àwọn wọ̀nyí á tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ga, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà jáde kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sáré, ikùn á dá iṣẹ́ dúró ná. Àánú Ọlọ́hun ni èyí. Bí kò bá sí i, ejò ì bá ti bu ọ̀pọ̀ wa jẹ. Nígbà tí ejò bá lọ, ara á padà sípò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti gbèsè. Ejò á kọjá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ń bá ènìyàn wọ ilé, ó ń bá a sùn, ó sì ń bá a jí. Hans Selye, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Kánádà, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa èyí ní ọdún 1936: ara tí ìnira kò bá fi sílẹ̀ á kọ́kọ́ jà, á rọ́jú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni á rẹ̀ ẹ́, tí àìsàn á sì wọlé.

Bí ara bá wà ní ipò ìjà fún oṣù àti ọdún, àìróorunsùn dé, orí fífọ́ dé. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń fẹ́ ga tẹ́lẹ̀ á rí ohun tí yóò gbé e ga sí i. Ìtọ̀ ṣúgà á le láti kápá. Inú tí ó ti ní ọgbẹ́ á máa ta sí i. Ìbínú á sún mọ́ tòsí, ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ni yóò sì jìyà rẹ̀. N kò sọ pé másùnmáwo nìkan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìran wà níbẹ̀, iyọ̀ àti ọ̀rá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í rántí oògùn rẹ̀, kì í sùn, kì í jẹun bó ṣe yẹ, tábà tàbí ọtí á sì tètè tàn án. Ọ̀nà púpọ̀ ni ìrònú ń gbà wọ inú ara.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ìrònú náà ti wá. Ní ọdún 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ wa dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, lítà epo kan kúrò ní nǹkan tí kò tó igba náírà, ó sì ti ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ láti ìhín sí Adó-Èkìtì gòkè, owó gàrí gòkè, owó oògùn gòkè. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí méjì kí ó lè pẹ́, mo sì mọ àwọn tí wọ́n ń lò ó ní ọjọ́ kan, tí wọ́n ń fo ọjọ́ méjì. Lára àwọn ìyá wa nínú Àsálátù, àwọn kan ti gba owó ẹ̀lẹ́, èyí tí a ń pè ní gbómúlélántà, tí wọ́n ní láti dá padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Bí ọjọ́ ìdápadà bá ti ń sún mọ́, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ ó rí i.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí?

Àwọn kan máa ń sọ pé mùmíní kì í ronú. Ṣé a ti gbàgbé Ànábì Yaqub ni? Nínú Sura Yusuf, a kà pé ó kédàárò ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, tí kò ríran mọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn di àìsàn ojú. Ọlọ́hun kò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ànábì ni, sùúrù rẹ̀ sì ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ títí dòní. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú. Ọdún tí Khadijah aya rẹ̀ àti Abu Talib tó jẹ́ arákùnrin bàbá rẹ̀ papò dà ni àwọn onímọ̀ pè ní Ọdún Ìbànújẹ́. Ó sì kọ́ wa ní àdúà tí a ó fi máa wá ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ ìdààmú ọkàn, ìbànújẹ́ àti ìnira gbèsè. Bí ìrònú kò bá lè mú mùmíní, kí ni àdúà náà wà fún?

Ànábì kan náà ni ó pàṣẹ fún wa pé kí a máa wá ìwòsàn, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò ní oògùn, àyàfi ọjọ́ ogbó. Òun ni ó ní kí ọkùnrin tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Àdúà ni ìgbáralé wa. Wíwọn ẹ̀jẹ̀, lílo oògùn àti sísọ ẹ̀dùn ọkàn fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́ ni síso ràkúnmí.

Àwọn onímọ̀ wa ìgbàanì kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó ṣàlàyé pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ṣe ń ṣàìsàn, àti pé ọ̀kan ń kó bá èkejì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí Mùsùlùmí ti kọ èyí. Kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa lónìí.

Oògùn tí kì í ṣe oògùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí apòògùn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa ra oògùn oorun láìsí ìwé dókítà. Diazepam àti bromazepam, tí àwọn kan mọ̀ sí Lexotan, ní iṣẹ́ tí wọ́n wà fún, fún ìgbà kúkúrú, lábẹ́ ojú dókítà. Bí a bá ń lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ara á mọ́ wọn: ẹyọ kan kò ní tó mọ́, á di méjì, á di mẹ́ta. Àgbàlagbà tí ó lò ó lè dìde lóru láti lọ tọ̀, kí ó ṣubú, kí egungun ìdí sì dá. Bí ó bá pàdé ọtí tàbí tramadol nínú ara, èémí lè dá. Ẹni tí ó bá sì ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ó lè fa gìrì. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni oògùn ara ríro. Orí ń fọ́ nítorí ìrònú, ènìyàn á lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac, á máa lò ó lójoojúmọ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n ń pa kíndìnrín lára, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú. Bí orí bá ń fọ́ yín ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń mu ọtí agbára inú agolo kí ẹ lè ṣiṣẹ́ mọ́jú, àti ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń jẹ obì lálẹ́: kaféènì tí ó wà nínú àwọn méjèèjì ni kì í jẹ́ kí oorun wá. Ẹ fi í mọ sí ọ̀sán.

Ohun tí olúkúlùkù lè ṣe

Àwọn kan á ní, "Ìyá Kẹ́míìsì, owó ni kò sí. Ṣé mímí ni yóò san gbèsè mi?" Òótọ́ ni, mímí kì í san gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kò lè lọ sí oko mọ́, kò lè lọ sí ọjà mọ́, gbèsè á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. À ń tọ́jú ara kí a lè lágbára dojú kọ ìṣòro ni.

Ẹ tètè sùn. Ìlànà Ànábì ni pé kí a má máa tàkùrọ̀sọ pẹ́ lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí orí bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí méje ni ara àgbà nílò, ó kéré tán. Oorun ráńpẹ́ ọ̀sán náà ní èrè.

Ẹ máa rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa fi ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí mọ́sálásí ní Àsùbáà àti Ìṣáì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àlọ, mẹ́wàá ní àbọ̀, ti gba ìyẹn kọjá.

Bí àyà bá ń já, ẹ jókòó, ẹ fa èémí sínú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti imú, ẹ jẹ́ kí ó jáde pẹ̀lú sùúrù ju bí ó ṣe wọlé lọ, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí ń sọ fún ara pé ejò ti lọ. Ẹni tí kì í kánjú lórí ìrun rẹ̀, tí ó ń rọra tẹ̀ ba, tí ó ń rọra forí kanlẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù. Ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, kí ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Bí ẹnu bá dédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má dúró wá àgbo. Ilé-ìwòsàn ní wéré.

Bí ọkàn bá wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fúyẹ́, tàbí tí èrò ikú ń wá, ẹ sọ ọ́ síta lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn ni, ó sì ní dókítà tirẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí a bèèrè dókítà ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn ńlá ní Adó-Èkìtì tàbí Ìdó-Èkìtì. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023 ti rọ́pò ti ọdún 1958 tí ó ń fi ojú wèrè wo gbogbo aláìsàn ọkàn. Ó kù kí àwa náà yí ojú tí a fi ń wò wọ́n padà.

Ohun tí mọ́sálásí lè ṣe

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí Arò ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ó rí i pé ara wọn ń yá láàárín ènìyàn ju inú àhámọ́ lọ. Àwọn dókítà láti òkè òkun wá wò ó. Bí abúlé bá lè ṣe ìyẹn fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, kí ni mọ́sálásí kò lè ṣe fún ẹni tí kò rí oorun sùn?

Ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí tábìlì wíwọn ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àkọ́kọ́ lóṣooṣù, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkejì, kí a yan ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì tí wọ́n ní sùúrù, tí àṣírí kì í já lẹ́nu wọn, tí ènìyàn lè bá jókòó. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n bá a ṣe àdúà, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Ìkẹta, kí apá kan nínú sàrà àti sáká wa máa ra oògùn fún àwọn tí ó tọ́ sí, kí a sì dá owó àyálò tí kò ní èlé sílẹ̀, kí àwọn ìyá wa lè bọ́ lọ́wọ́ gbómúlélántà. Ìkẹrin ni ó le jù: kí àwọn ààfáà wa bá wa sọ òtítọ́ nípa ìnáwó. Kò sí ibi tí ẹ̀sìn ti ní kí opó tàbí ọmọ òkú yá owó kí ó lè se ìrẹsì ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí Ja‘far ọmọ Abu Talib kú, Ànábì ní kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àwa ti yí i po: ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ni ó ń bọ́ wa.

Ní ti bàbá tíṣà, mo kọ lẹ́tà, ọmọ wọn sì mú wọn lọ rí dókítà. Wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ń dín oògùn oorun náà kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, 148 lórí 90 ni. Kò tíì dé ibi tí a fẹ́. Owó wọn kò tíì jáde, oorun sì ń já mọ́ wọn lójú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tábìlì ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ṣì dára, pé àwọn ni yóò máa kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé. Tí ẹ bá wá, ẹ ó bá wọn níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín lọ́la pé òun kò rí oorun sùn, ẹ má tètè wàásù fún un. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní àga.

Kí Ọlọ́hun fi ìbàlẹ̀ ọkàn wọ̀ wá, kí ó san gbèsè ẹni tí ó wà nínú gbèsè, kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Āmīn.